Sáfà ẹgbẹ́ wa ti di ìgbín ní ìparí oṣù: ká tún un ṣe ni, àbí ká ra tuntun?

Ọmọ Òkè-Fìà | Ọjọ́ Ajé 26 Oṣù Kàrún 2025, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Òṣogbo ni mo wà. Èmi ni mò ń mójú tó kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí. Mi ò kàwé rẹ̀ o, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Sáfà kan (kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀) wà ní ọ́fíìsì wa, Dell PowerEdge R710, tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á kí n tó dé. Prosẹ́sọ̀ méjì ló ní, Xeon E5520, RAM 12GB (2GB lọ́nà mẹ́fà), háàdì 1TB mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ ní RAID 5, tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. CentOS 7 ni ètò tó ń darí rẹ̀, pẹ̀lú Apache tó ń gbé ojú ewé jáde, PHP tí wọ́n fi kọ sọ́fúwíà wa, àti MariaDB, détábéèsì wa. Àkọsílẹ̀ owó àjẹṣẹ́kù àti owó ẹ̀yáwó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ibẹ̀ ló wà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù títí di ọjọ́ 24, a ń rọ́gbọ́n dá sí i. Tó bá ti di ọjọ́ 25, tí àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó oṣù wọlé, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń fi fóònù wo iye tó kù fún wọn, ó tán. Ojú ewé kan á gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Lóṣù tó kọjá, màmá kan dúró lójú fèrèsé wa láti aago mẹ́wàá títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán, nítorí ìwé ẹ̀yáwó olójú ewé kan.

Alága ní kí n wá sáfà tuntun. Akápò ní ₦450,000 ló wà nílẹ̀, kí n kàn fi ra prosẹ́sọ̀ tó lágbára sí i, kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti rí X5670 méjì tí wọ́n ń tà. Ṣé kí n rà á?


Bàbá Jẹnẹrétọ̀ | 9:40 àárọ̀

Ẹ kó o fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù.

2009 ni R710 jáde. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń múra WAEC. Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná nìkan. Ká ní ó ń jẹ 200 wátì, tọ̀sán tòru: 4.8 kilowatt-hour lójúmọ́, 144 lóṣù. Tí ẹ bá wà lórí Band A, tí ẹ fi ₦225 fún kilowatt-hour kan, tí wọ́n kéde ní Oṣù Kẹrin 2024, sọ ọ́ di owó, ₦32,400 nìyẹn lóṣooṣù, a ò tíì fẹnu kan epo jẹnẹrétọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó jẹ́ Core i5 ayé ìsinsìnyí á sáré ju E5520 méjèèjì yẹn lọ, kò sì ní jẹ ìdajì iná rẹ̀.


Ìyá Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà | 10:05 àárọ̀

Ọmọ Òròkí, ó dáa tó o béèrè kó o tó nàwó. Ìgbọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìbéèrè kan ni tèmi: ṣé kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì yín ló ń falẹ̀? Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo pààrọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé wáyà tí eku jẹ ni. Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí, kì í ṣe ẹ̀rín nígbà yẹn.


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 11:22 àárọ̀

Àbúrò, fọwọ́ mú owó yẹn ná. Kò sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó fi hàn pé prosẹ́sọ̀ ló ń dà yín láàmú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Òní gan-an ni ọjọ́ 26, àkókò tó dáa jù nìyí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọwọ́ bá ti kún lọ́sàn-án, tẹ `top`, kó o wo nọ́ḿbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ us (iṣẹ́ tí prosẹ́sọ̀ ń ṣe fún ètò) àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa (àkókò tó fi ń dúró de háàdì). Tẹ `free -h`. Tẹ `iostat -x 2`, kó o wo %util (bí ọwọ́ háàdì ṣe kún tó) àti await (iye mílísẹ́kọ́ńdì tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń dúró); tí kò bá sí lórí rẹ̀, inú sysstat ló wà. Lẹ́yìn náà, dìde lọ síwájú sáfà fúnra rẹ̀. Wo iná kéékèèké tó wà lára háàdì kọ̀ọ̀kan, kó o sọ àwọ̀ tó o rí fún mi. Ọ̀pọ̀ wa máa ń jókòó ti ojú kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ á fi ṣú, a ò ní lọ wo ẹ̀rọ tó ń ké.


Ọmọ Òkè-Fìà | 1:50 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe é.

us 14, wa 61. Nínú RAM 12GB, available ò ju 1.1GB lọ, swap (apá háàdì tó ń ṣe bíi RAM nígbà tí RAM bá kún) sì ti wọ 2.6GB. %util ò kúrò láàárín 99 sí 100. await ń lọ ó ń bọ̀ láàárín 150 sí 190.

Ìyá, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì o. Kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì tí wáyà so mọ́ sáfà tààrà, bákan náà ló ń falẹ̀.

Ní ti iná: àwọn yòókù ń tàn ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta láti apá òsì á ṣẹ́jú àwọ̀ ewé, á di àwọ̀ ọsàn, á kú, á tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn látìgbà tí mo ti dé. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó máa tàn ni.


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 2:03 ọ̀sán

Àbúrò, dìde níbi tó o jókòó sí.

Ewé, ọsàn, kó kú, lára háàdì Dell: ohun tó ń sọ ni pé háàdì yẹn ti ń kú lọ. RAID 5 lè fara da ikú ẹyọ kan. Bí ìkejì bá tẹ̀ lé e kí ẹ tó pààrọ̀ èyí, gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn, alága á sì béèrè lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà wo lẹ ṣe bákọ́ọ̀pù gbẹ̀yìn? Má sọ fún mi pé RAID wà níbẹ̀. RAID kì í ṣe bákọ́ọ̀pù. Ohun tí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa rẹ́, orí gbogbo háàdì ló ti pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣe ìyẹn kó o tó ṣe ohunkóhun. Gbé e sórí háàdì ìta, kó o gbé háàdì náà kúrò ní ọ́fíìsì.

Ká wá padà sórí ìyára. wa 61 túmọ̀ sí pé prosẹ́sọ̀ ká ọwọ́ gbera, ó ń dúró de háàdì. Bí a bá gbé alásè mẹ́wàá sí i nílé ìnáwó tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń pọnmi, omi yẹn náà ni gbogbo wọn á máa dúró dè. X5670 tí akápò fẹ́ rà, alásè kọkànlá nìyẹn.

Háàdì tó ń yí ní 7200 máa ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké bí 75 sí 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká pè é ní 80, mẹ́rin wọn jẹ́ 320. Ṣùgbọ́n lórí RAID 5, kíkọ ohun kékeré kan sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ mẹ́rin: á ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, á ka àmì tó fi ń ṣọ́ ọ, á kọ tuntun, á kọ àmì tuntun. 320 ti di 80. Gbogbo akọ̀wé yín àti gbogbo fóònù tó wà láti Ọláìyá dé Ọjà Ọba, 80 yẹn ni wọ́n ń pín jẹ.

Ohun kan ṣì kù tí mo ń fura sí. Tẹ `omreport storage battery`, kó o tún tẹ `omreport storage vdisk`.


Ọmọ Òkè-Fìà | 2:31 ọ̀sán

Bátìrì: Failed. Ní ìsàlẹ̀ vdisk, Write Policy: Write Through.

Bákọ́ọ̀pù tó kẹ́yìn tí mo rí, Oṣù Kìíní ni. Inú sáfà kan náà ló wà. Ara mi ń gbọ̀n.


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 2:44 ọ̀sán

Bó ṣe ń ṣe gbogbo ènìyàn nìyẹn, má jẹ́ kí ara rẹ gbọ̀n títí tó ò fi ní lè tẹ̀wé.

Káàdì RAID yín, PERC 6/i, ní mẹ́mọ́rì 256MB tirẹ̀, bátìrì kékeré kan ló sì ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí bátìrì yè, bí akọ̀wé bá fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á ní “mo ti gbà á”, á wá máa kọ ọ́ sórí háàdì ní ìrọwọ́rọsẹ̀; Write Back nìyẹn. Iná lọ? Bátìrì á di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú títí iná á fi dé. Nígbà tí bátìrì ti kú, káàdì náà ò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ mọ́. Kò ní dá akọ̀wé lóhùn àfi tó bá kọ ọ́ sórí háàdì tán; Write Through tó o rí nìyẹn. Àtìgbà tí bátìrì yẹn ti kú ni sáfà yín ti ń wọ́. Ẹ ò kàn mọ̀ ni.


Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà | 3:10 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo kà á níbì kan pé a lè fi ipá mú káàdì náà padà sí Write Back bí bátìrì ò tilẹ̀ sí. Ṣé ìyẹn ò ní yanjú rẹ̀ lónìí láìná kọ́bọ̀?


Bàbá Jẹnẹrétọ̀ | 3:18 ọ̀sán

Ọmọ mi, ní Òṣogbo? Níbi tí iná ti lè ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó mu gààrí tán?


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 3:25 ọ̀sán

Bàbá ti dá a lóhùn. Àṣẹ náà wà lóòótọ́, á sì sáré. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, owó tí akọ̀wé rò pé òun ti kọ sílẹ̀ á ti wọ̀gbẹ́, détábéèsì fúnra rẹ̀ sì lè dàrú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n.


Ọmọ Òkè-Fìà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 27 Oṣù Kàrún, 7:02 àárọ̀

Mo sùn sí ọ́fíìsì. Mo lo `mysqldump --single-transaction`, mo kó fáìlì PHP àti àwọn ìwé tí wọ́n ti yà ní fọ́tò kún un. Ẹ̀dà kan wà nílé mi, ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ akápò. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́.


Ìyá Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà | 7:30 àárọ̀

O ṣé, ọmọ mi. Ṣé o ti tú u wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn bóyá ó ń ṣí? Èyí tí kò ṣí, àpótí òfìfo lo gbé lọ sílé akápò yẹn.


Ọmọ Òkè-Fìà | 9:15 àárọ̀

Mo tú u sórí laptop mi, Ìyá. Ó ṣí. Détábéèsì nìkan jẹ́ bíi 9GB.


Onídátà Ìbàdàn | 9:52 àárọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí látàná, ó ti ń yún mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n sọ òótọ́ nípa háàdì, ṣùgbọ́n kí ló dé tí détábéèsì 9GB fi ń sáré lọ bá háàdì ní gbogbo ìgbà? Àbúrò, mú nǹkan mẹ́ta wá fún mi. Èkíní, iye `innodb_buffer_pool_size`, ìyẹn àyè inú RAM tí détábéèsì fi ń kó ohun tó ń lò sí. Èkejì, tan slow query log, tó ń kọ àwọn ìbéèrè tó falẹ̀ sílẹ̀, kó o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, kó o mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ wá. Ẹ̀kẹta, fi EXPLAIN síwájú rẹ̀, kó fi ọ̀nà tó gbà wá a hàn, kó o sọ ohun tó wà lábẹ́ type àti rows.


Ọmọ Òkè-Fìà | 1:20 ọ̀sán

Buffer pool: 134217728.

Èyí tó pọ̀ jù ni èyí tó ń kó ìṣípòpadà owó ọmọ ẹgbẹ́ kan jáde. Ó ń lo ìṣẹ́jú àáyá 31. type: ALL. rows: mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀.


Onídátà Ìbàdàn | 1:41 ọ̀sán

Ẹ wò ó! 134217728 yẹn, 128MB ni. Iye tí MariaDB bá wá láti ilé ni, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí. Ẹ gbé ìwé 9GB lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, tábìlì tí ẹ fún un kò gbà ju ìwé ìléwọ́ kan lọ. Bó bá ti ka ojú ewé kan, á dá a padà sínú àká kó tó lè mú òmíràn. Kò ṣáà ní í yé lọ sínú àká.

ALL sì túmọ̀ sí pé bí Ìyá Ríṣí bá béèrè iye tó kù fún òun, sáfà á ka àkọsílẹ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó rí ti Ìyá Ríṣí. Ẹ ò ní index, atọ́ka tí sáfà lè fi lọ síbi tó ń wá tààrà, lórí nọ́ḿbà ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó kọ sọ́fúwíà yẹn dán an wò pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó rí i pé ó yára, ó gbowó, ó lọ.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti kúrò: ṣe index kan tó kó nọ́ḿbà ọmọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́ pọ̀, ní ìtẹ̀léra yẹn. Gbé buffer pool sí 4GB. Lórí MariaDB 5.5 tó bá CentOS 7 wá, àfi kó o tún un tan kó tó gbà á. Kò tíì ṣe é gbé ju 4GB lọ torí RAM yín kéré. Wo Apache náà: tó bá jẹ́ prefork, bó ṣe ń bá CentOS 7 wá, tí ẹ ò yí i padà, á fẹ́ gba ènìyàn 256 lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì gba RAM tirẹ̀. Ibẹ̀ ni swap yín ti wá. Fi MaxRequestWorkers sí 60. Kí ènìyàn dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sàn ju kí gbogbo wọn wọlé kí ilé wó.


Ọmọ Òkè-Fìà | Ọjọ́rú 28 Oṣù Kàrún, 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ojú ewé tó ń gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá ti di méje. A ò tíì ná kọ́bọ̀. Swap ti di òfo. wa ti wálẹ̀ sí 30 ó lé díẹ̀. Akọ̀wé kan béèrè bóyá mo ti ra sáfà tuntun, mo ní rárá, ó ní irọ́ ni mò ń pa.


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 12:40 ọ̀sán

Onídátà, ẹ káre. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ pè.

wa 30 ṣì pọ̀. Àbúrò, ohun tó kàn láti rà, bí mo ṣe máa tò ó nìyí tó bá jẹ́ owó mi. SSD (háàdì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) méjì, 480GB, ní RAID 1, kí ohun kan náà wà lórí méjèèjì. Wá irú èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà, tó lè kọ ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí iná bá lọ. SSD tí wọ́n ṣe fún laptop kì í sábà ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, káàdì PERC H700 pẹ̀lú bátìrì tuntun, torí 3Gb/s ni 6/i máa ń bá háàdì sọ̀rọ̀, H700 ń ṣe 6Gb/s. Lẹ́yìn rẹ̀, RAM 8GB mẹ́fà. Prosẹ́sọ̀, gbàgbé rẹ̀. us 14 ni.


Tòkunbọ̀ Ìkẹjà | 4:33 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ mi rèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sunkún lọ́dọ̀ wa.

Wáyà tó so PERC 6/i mọ́ ibi tí háàdì ń wọ̀ kò wọ H700, orí rẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá ra káàdì tí ẹ ò béèrè wáyà, Òṣogbo sí Ìkẹjà nìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sọ pé ti R710 ni. Bátìrì tó bá káàdì wá, ẹ kà á sí òkú, ẹ ra tuntun. SSD kéré ju ojú ibi tí háàdì yín ń wọ̀ lọ, ẹ gba irin tí wọ́n fi ń gbé e dúró. Ní ti RAM, ẹ wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn: RDIMM ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, DDR3 ECC. RDIMM àti UDIMM kì í gbé inú sáfà yìí pọ̀.

SSD tòkunbọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi smartctl, àṣẹ tó ń sọ bí ìlera háàdì ṣe rí, hàn yín kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi hàn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.


Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà | 5:20 ìrọ̀lẹ́

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti fẹ́ tú u palẹ̀, ẹ ò ṣe kúkú gbé AlmaLinux 9 dípò CentOS 7 sí i? CentOS 7 ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 30 Oṣù Kẹfà 2024.


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ rẹ dáa, àbúrò, ṣùgbọ́n ihò wà lọ́nà. Láti RHEL 8, ètò Red Hat tí wọ́n fi ń ṣe AlmaLinux, ni wọ́n ti yọ PERC 6/i kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tì lẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé RHEL 9 sórí káàdì tó wà níbẹ̀ báyìí, kò ní rí háàdì kankan; ní ti AlmaLinux 9, ẹ kọ́kọ́ dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. RHEL 10 tilẹ̀ ti kọjá prosẹ́sọ̀ yín, x86-64-v3, ìpele àṣẹ prosẹ́sọ̀ tó tuntun, ló ń béèrè, E5520 ò ní i. Debian 12 ni èmi á lò.

Èyí tó burú jù ni PHP. 5.4 ló bá CentOS 7 wá. Àbúrò Òkè-Fìà, wá `mysql_query` nínú fáìlì yín, ìyẹn àṣẹ àtijọ́ tí PHP fi ń bá détábéèsì sọ̀rọ̀.


Ọmọ Òkè-Fìà | 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ibi tó wà.


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 6:55 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti yọ àṣẹ yẹn kúrò láti PHP 7.0. Debian 12 sì ń gbé 8.2 wá. Lọ́jọ́ tó o bá gbé e dé, ojú ewé funfun ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa rí. Ẹ wá ẹni tó kọ ọ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Ní báyìí, ẹ pààrọ̀ irin, ẹ fi CentOS 7 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dojú kọ íntánẹ́ẹ̀tì tààrà mọ́. Ọ̀ràn méjì kì í ṣe é dá lọ́jọ́ kan.


Bàbá Jẹnẹrétọ̀ | 8:11 alẹ́

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. ₦32,400 yẹn á máa wọlé lóṣooṣù bí owó ilé.


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 8:30 alẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, mi ò lè jà yín níyàn lórí iná. Bó bá jẹ́ pé wọn ò ní nǹkan kan rárá, mi ò ní ní kí wọ́n lọ ra R710 lónìí. Ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀. Ó ní RAM tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, háàdì tí a lè yọ láìpa á, àti ibi ìgbaná méjì. SSD tí wọ́n sì rà lónìí, wọ́n lè yọ ọ́ lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn lọ́dún méjì sí i.

Àbúrò, ẹnu ibi ìgbaná méjì yẹn ni ọ̀rọ̀ dé: ibo lẹ ki wọ́n bọ̀?


Ọmọ Òkè-Fìà | 8:37 alẹ́

Inú ẹ́sìténṣọ̀n kan náà.


Bàbá Jẹnẹrétọ̀ | 8:39 alẹ́

Ẹ gbà mí o. Ẹ ki ọ̀kan bọ ìnfátà, kí ẹ ki ìkejì bọ iná ìjọba. Àbí kí lẹ rò pé wọ́n ṣe é ní méjì fún?


Ọmọ Òkè-Fìà | Ọjọ́ Àìkú 8 Oṣù Kẹfà, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú ọdún Iléyá o. Ọjọ́ Ẹtì ni ọdún, wọ́n fi ọjọ́ Ajé kún ìsinmi, ìdí nìyẹn tí mo fi mú àná ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí ọ́fíìsì wà ní títì. Ẹran ọdún ni mo gbé dání lọ.

Eruku tí mo bá nínú sáfà yẹn, ọyẹ́ bíi mélòó ló ti ń kó o jọ! Bí mo ṣe fẹ́ ẹ jáde, fáànù náà dákẹ́ ariwo. Mo yọ RAM àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ki tuntun bọ A1 sí A3 àti B1 sí B3, àwọn tó ní ètè funfun. Mo tàn án, ó ní 40GB lòun rí. Ọkàn mi já. Mo rò pé wọ́n ti gbá mi. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, A3 ni kò wọlé dáadáa, eruku wà lẹ́nu rẹ̀. Mo nù ún, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ké “kẹ́”. 48GB.

Wáyà H700 wọ̀ ọ́ wẹ́kú, ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà, Ọlọ́run á sanwó yín. RAID 1 parí, mo tún CentOS tò, mo dá bákọ́ọ̀pù padà sórí rẹ̀. Bó ṣe ku kí n gbé e sílẹ̀ ni iná lọ. Ìnfátà gbà á, sáfà ò tilẹ̀ mọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo jẹ ẹran mi.

Buffer pool ti di 24GB. Onídátà ní gbogbo 9GB á máa gbé inú RAM báyìí.


Onídátà Ìbàdàn | 9:03 àárọ̀

Tábìlì ti gba gbogbo ìwé. Ẹ dúró de ọjọ́ 25 kí ẹ tó jó o.


Ọmọ Òkè-Fìà | Ọjọ́bọ̀ 26 Oṣù Kẹfà, 2:45 ọ̀sán

Ọjọ́ kejì tí ọwọ́ kún nìyí. wa ò kọjá 2. await wà ní 1 sí 2. Ojú ewé tó gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá, kò pé ẹyọ kan mọ́. us ti gòkè sí 22, ó dà bíi pé prosẹ́sọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ṣe ni. Màmá tí mo sọ lọ́jọ́sí wá lánàá, wọ́n fún un ní ìwé rẹ̀ kó tó rí ibi jókòó sí, ó ní ṣé ó dá wa lójú pé tòun ni.

Nínú ₦450,000, ₦71,000 ló kù. Akápò ti ní òun mọ ohun tó máa fi ṣe. Ẹni tó kọ sọ́fúwíà wà ní Ìlọrin, ó ti gbà láti yí PHP náà padà, ṣùgbọ́n ó ní ó di Oṣù Kẹjọ.


Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà | 3:02 ọ̀sán

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi PERC 6/i, RAM àtijọ́ àti háàdì mẹ́rin yẹn ṣe? Mo fẹ́ fi wọ́n kọ́ RAID nílé.


Ẹ̀rọ Kì Í Purọ́ | 3:09 ọ̀sán

Owó àti orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣì wà lórí háàdì yẹn. Kí `shred`, àṣẹ tó ń kọ ìdọ̀tí bo ohun tó wà lórí háàdì, kọ́kọ́ gba orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá, kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.


Ọmọ Òkè-Fìà | 3:30 ọ̀sán

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀kẹta tó ń ṣẹ́jú yẹn, mo ti lu ihò sí i ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ajórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mẹ́ta tó kù, shred ti wà lórí wọn láti àárọ̀, á parí lọ́la. Àbúrò, wá sí Òkè-Fìà lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mú àpò tó nípọn dání, ó wúwo.